Ohun Tí Wọn Kì Í Tà Níbẹ̀ Ni Kó O Kọ́kọ́ Dì

Tó bá ti di oṣù keje, ìpè á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí fóònù mi ní Àkúrẹ́ níbí, kò sì ní dáwọ́ dúró títí di oṣù kẹsàn-án. "Àǹtí, ẹ káàsán mà, físà mi ti jáde. Kí ni kí n kó dání?" Kí n tó dáhùn, ìyá ọmọ á ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀: òun ti ra gàrí, òun ti bá aláta sọ̀rọ̀ ní Ọjà Ọba, ṣé kí òun fi ìkòkò méjì kún un? Inú mi máa ń dùn sí ìpè wọ̀nyí. Àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti kàwé gboyè kejì kí n tó padà wálé, mo sì ti bá ọmọ ẹ̀gbọ́n, ọmọ àdúgbò àti ọmọ ìjọ wa tó ń lọ kàwé lókè òkun di ẹrù. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún wọn, kí ẹni tí kò ní nọ́ńbà mi náà lè rí i kà.

Ìbéèrè kan ni mo fi ń yẹ gbogbo nǹkan wò: ṣé wọ́n ń tà á níbẹ̀? Bí wọ́n bá ń tà á, tí apá akẹ́kọ̀ọ́ sì lè ká owó rẹ̀, fi í sílẹ̀. Èyí tí wọn kì í tà, tí kò sí iye tó o lè san kó o rí i lọ́jọ́ tó o bá nílò rẹ̀, òun ni kó kọ́kọ́ wọnú ẹrù. Ẹni tó bá fi èyí ṣe òdiwọ̀n á rí i pé ohun tó wúwo jù lórí òṣùwọ̀n kọ́ ló ṣe kókó jù. Èyí tó ṣe kókó jù lọ kò tó kílò kan. Ìwé ni.

Àpò tó máa wà lọ́rùn rẹ ni ìwé ń gbé. Àwọn òbí wa fẹ́ràn láti fi ìwé sí ìsàlẹ̀ àpótí, láàárín aṣọ, níbi tí olè kò ti ní tètè rí i. Nínú ilé, ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n bá na ọwọ́ sí ọ pé kó o mú ẹ̀rí wá, àpótí yẹn ṣì wà lọ́nà, kò tíì bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Wá fáìlì oníke kan tó ní àpò púpọ̀ nínú, irú èyí tí àwọn tó ń ta ìwé lójú ọ̀nà Ọba Adésídà máa ń tà. To ìwé sínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa bèèrè rẹ̀: pásípọ́ọ̀tù, lẹ́tà ìgbaniwọlé, ẹ̀rí owó ilé-ẹ̀kọ́ tó o ti san, ẹ̀rí owó tó o máa fi gbọ́ bùkátà, àdírẹ́sì ibi tó o máa sùn lálẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn wọn ni káàdì yẹ́lò tó jẹ́ ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, àbájáde àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ tó o ṣe kó o tó gba físà Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ẹ̀rí WAEC, ìwé ẹ̀rí yunifásítì, àti ìwé ọjọ́ ìbí láti ọ̀dọ̀ National Population Commission. Àwọn tó ti ṣègbéyàwó, ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó yín dání pẹ̀lú, pàápàá bí orúkọ tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù bá yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé.

Ọ̀rọ̀ Kánádà gba àlàyé díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló rò pé físà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú pásípọ́ọ̀tù ni àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́. Òun kọ́. Físà yẹn kàn ń gbé ọ dé ẹnu ibodè ni. Lẹ́tà kan wà tí ìjọba Kánádà fi ránṣẹ́ sí ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí wọ́n gbà ọ́, letter of introduction ni wọ́n ń pè é. Òun ni òṣìṣẹ́ ibodè máa wò kó tó tẹ ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́ fún ọ. Tẹ lẹ́tà náà sórí bébà kó o tó kúrò ní Àkúrẹ́. Má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù tí bátìrì rẹ̀ lè kú sórí òkun. Nígbà tí wọ́n bá sì fún ọ ní ìwé àṣẹ yẹn, má tíì kúrò níwájú òṣìṣẹ́ náà. Ka orúkọ rẹ, ọjọ́ ìbí rẹ, ọjọ́ tí àṣẹ náà máa parí. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ibẹ̀ ló ti rọrùn jù láti tún un ṣe.

Ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti yàtọ̀ sí bó ṣe rí nígbà tiwa. Káàdì BRP tí a gbà nígbà náà, tó jẹ́ ẹ̀rí pé a ní àṣẹ láti gbé ibẹ̀, ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, 2024 ni wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ nínú wọn pé yóò parí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rí pé o ní ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀ wà báyìí. eVisa ni wọ́n ń pè é, inú àkáǹtì UKVI, àjọ tó ń bójú tó físà Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo ti máa ń wò ó. Ìtumọ̀ èyí ni pé ímeèlì rẹ, nọ́ńbà fóònù rẹ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ ti di ara ìwé ìrìnnà. Ibí yìí ni ẹ̀rù ti máa ń bà mí fún àwọn ọmọ wa, nítorí ajẹ́ńtì ló ń bá púpọ̀ nínú wọn ṣe físà, ímeèlì ajẹ́ńtì ni wọ́n sì fi ṣí àkáǹtì. Ọmọ á gúnlẹ̀ sí Manchester, ilé-ẹ̀kọ́ á ní kó fi ẹ̀rí hàn, kóòdù á lọ sórí fóònù ẹni tó ń sùn ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́ níbí. Kó o tó san owó tó kù fún ajẹ́ńtì, jókòó tì í, kí ẹ jọ yí ímeèlì àti nọ́ńbà náà sí tìrẹ. Wọlé sínú rẹ̀ fúnra rẹ, kó o sì jáde, kó o tún wọlé, títí ọkàn rẹ á fi balẹ̀.

Ya fọ́tò gbogbo ìwé wọ̀nyí, fi wọ́n ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ, kó o sì fi ẹ̀dà kan sọ́wọ́ ẹnì kan nílé.

Ohun kejì tí wọn kì í tà níbẹ̀ ni ìtàn ara rẹ. Mo ń sọ̀rọ̀ ìlera. Dókítà òkè òkun kò mọ̀ ọ́, kò mọ ìyá rẹ, kò sì mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ni ikọ́ fée ń gbé ọ. Gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà rẹ, kó kọ àìsàn tó o ní sínú rẹ̀ àti oògùn tó ò ń lò, kó sì lo orúkọ oògùn náà gan-an dípò orúkọ tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fún un. Mú ìwé jẹnótáípù rẹ dání, àti àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára tó o ti gbà láti kékeré bí ẹ bá ṣì rí káàdì rẹ̀. Oògùn tó ò ń lò lójoojúmọ́, mú èyí tó máa tó ọ lò títí wàá fi rí dókítà ibẹ̀, kó wà nínú páálí tí wọ́n fi tà á, kó má ṣe wà nínú ọ̀rá. Tramadol àti oògùn tó ní codeine nínú, òfin de wọ́n gan-an; ẹni tí dókítà kò bá kọ ọ́ fún kò gbọdọ̀ ní in nínú ẹrù rárá. Paracetamol kò yẹ kó gba ààyè nínú ẹrù rẹ, ó pọ̀ níbẹ̀, kò sì wọ́n.

Lọ wo ojú rẹ, lọ wo eyín rẹ kó o tó lọ. Ìwọ tó ò ń lo awò, ṣe méjì. Eyín tó ti ń dùn ọ́ díẹ̀díẹ̀, jẹ́ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ níbí, torí owó eyín lókè òkun máa ń kó ìpayà bá akẹ́kọ̀ọ́, ìwé adójútòfò tí ilé-ẹ̀kọ́ ń gbà fún ọ sì lè má kàn án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ibà, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ẹ̀fọn tó jẹ ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ ń ṣe àdúrà ìdágbére lè ti fi kòkòrò ibà sí ọ lára, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ara kó tó fara hàn. Wàá ti wà nínú yàrá rẹ lọ́hùn-ún nígbà tí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, tí ara ń gbóná, tí òtútù ń mú ọ. Gbogbo ẹni tó wà láyìíká rẹ á ní ojú ọjọ́ ni, ara rẹ á mọ́ ọn lára. Má gbà. Lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu rẹ sì jẹ́ pé Nàìjíríà lo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò fún ibà. Nílé níbí, kò sẹ́ni tí kì í kọ́kọ́ ro ibà. Níbẹ̀, ó lè jẹ́ ohun tí wọ́n máa rò kẹ́yìn.

Ó wá kan oúnjẹ, ibi tí èmi àti àwọn ìyá ti máa ń jiyàn.

Gàrí wà ní London, ó wà ní Leeds, ó wà ní Toronto. Epo pupa wà. Iṣu wà, ti Gánà ló pọ̀ jù. Ìyẹ̀fun tí wọ́n ń rò bí iyán wà, àwa ará Oǹdó tí iyán jẹ́ oúnjẹ gidi fún kò sì ní fẹ́ pè é níyán, ṣùgbọ́n ó ń gbé èèyàn ró. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má fi gàrí kún ìdajì àpótí. Ẹ fi ìwọ̀nba sí i tó máa tó ọmọ jẹ kó tó mọ ọ̀nà ọjà, ó tó. Bó bá jẹ́ ìlú kékeré tí àwọn aláwọ̀ dúdú kò pọ̀ sí ló ń lọ, ẹ lè fi díẹ̀ kún un.

Ohun tó yẹ kó gba ààyè náà ni ohun tó jẹ́ pé ọwọ́ yín nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ata tí ẹ sá fúnra yín, tí ẹ mọ iye rodo tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gúsí tí ẹ ṣà, tí ẹ sì lọ̀. Àpọ̀n. Irú. Ẹja gbígbẹ tó ti Ìgbókòdá wá. Pupuru fún ọmọ Ìlàjẹ, kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná kó má baà jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ibodè ń yí òkìtì dúdú kan wò lọ́wọ́ pé kí lèyí. Ọmọ Ìkálẹ̀ kan tó wá sọ́dọ̀ mi bèèrè ewé marúgbó ṣáájú ohun gbogbo. Ìyá rẹ̀ gbẹ ewé náà, ó gún un, ó rọ ọ́ sínú ike kékeré kan tó ní ìdérí líle. Kò wúwo ju ìwé àdúrà lọ, kò sì sí ọjà kan lókè òkun tí mo mọ̀ tí ọmọ yẹn ti lè rí i rà.

Ìṣòro kan wà tí àwọn tó ń lọ lóṣù kẹsàn-án máa ń bá pàdé: ìgbà òjò ni à ń di ẹrù. Oòrùn oṣù keje ní Àkúrẹ́ kò tó sá ata. Ẹni tó bá ti ní lẹ́tà ìgbaniwọlé lọ́wọ́ láti oṣù kejì, kí ìyá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá nǹkan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó má dúró de físà. Ata kì í bàjẹ́ tó bá gbẹ dáadáa. Irú wóró ló dára jù fún ìrìn-àjò. Ẹ sá a títí omi á fi tán lára rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ wá kó o sínú ìgò onídèérí. Ẹni tó bá fi irú tútù sínú aṣọ, ọ̀nà ni aṣọ náà ti máa gba òórùn rẹ̀, òórùn yẹn kì í sì í tètè lọ. Lára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, ẹ fi bírò dúdú kọ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, gàdàgbà. Ìyẹ̀fun tí kò ní orúkọ máa ń dá ọmọ dúró.

Àwọn nǹkan kan wà tí òfin kò gbà láyè. Ẹran kò gbọdọ̀ wọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti Nàìjíríà, ì báà jẹ́ gbígbẹ, ì báà jẹ́ díndín: pọ̀nmọ́ ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, kílíṣí ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, ẹran ìgbẹ́ ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Wàrà náà wà nínú rẹ̀, títí kan mílíìkì oníyẹ̀fun tí ẹ fẹ́ kó fi mu gàrí. Ẹja gbígbẹ ní àyè. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti yọ ìfun rẹ̀. Ẹ̀wà wa náà ní ẹjọ́ lọ́rùn: láti 2015 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí dichlorvos, oògùn kòkòrò tí wọ́n bá lára rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kì í ṣe nítorí àwọn tó wà lókè òkun nìkan, bí kò ṣe nítorí àwa tí à ń jẹ ẹ́ nílé. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, wọ́n á bi ọ́ bóyá oúnjẹ wà nínú ẹrù rẹ. Dáhùn pé ó wà. Ohun tó o bá sọ, tí òfin kò gbà, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Ohun tó o bá fi pamọ́ lè di owó ìtanràn, ó sì lè ba orúkọ rẹ jẹ́ lọ́dọ̀ wọn.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ọmọrogùn. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ máa ń wò mí pẹ̀lú ìyanu tí mo bá dé ibí yìí. Ṣíbí onígi tí wọ́n ń tà ní òkè òkun tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́rùn. Tí èlùbọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í le nínú ìkòkò, ó máa ń ṣẹ́, tí kò bá sì ṣẹ́, kókó ni wàá jẹ. Lọ sí Ọjà Ọba, sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta asẹ́, ìjábẹ̀ àti odó. Mú ọmọrogùn tí kò gùn ju ìgúnpá rẹ lọ sí àtẹ́lẹwọ́, kó lè dùbúlẹ̀ nínú àpótí. Gbé e sójú oòrùn wò. Kò gbọdọ̀ ní ihò tíntìntín tí kòkòrò gbẹ́, kò gbọdọ̀ ní èèpo igi lára, torí àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè máa ń wá ìyẹn lára ohun onígi. Fi ọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀; kó dán, kó má gún ọ. Fi ìjábẹ̀ kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ bó o bá jẹ́ ẹni tó ń jẹ ewédú. Owó kékeré ni méjèèjì, ọdún tó o bá lò níbẹ̀ ni wọ́n á bá ọ lò.

Aṣọ kò gbọdọ̀ gba àkókò púpọ̀. Ẹni tó ń lọ sí Saskatchewan, níbi tí òtútù ti lè kọjá ìwọ̀n 30 sísàlẹ̀ òdo, kò sí aṣọ tó máa rí rà ní Àkúrẹ́ tó kápá ìyẹn. Ọyẹ́ tiwa kò bá a tan. Ibẹ̀ ni kó ti ra kóòtù ńlá àti bàtà yìnyín, àwọn tó ń gbé inú òtútù ni wọ́n mọ aṣọ òtútù. Ohun tó yẹ kó mú láti ilé ni èyí tó máa wọ̀ láti pápákọ̀ òfurufú dé yàrá: jákẹ́ẹ̀tì kan, súwẹ́tà méjì, ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, fìlà tó bo etí. Ọjà òkìrìkà ní ìwọ̀nyí lọ́pọ̀ yanturu, nítorí ooru ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kí àwọn oníbàárà jà lé wọn lórí. Jákẹ́ẹ̀tì yẹn, wọ̀ ọ́ sára wọ ọkọ̀ òfurufú. Wọn kì í wọn ohun tó wà lára èèyàn. Àwọn obìnrin, ẹ dirun yín dáadáa kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì fi irun tí wọ́n fi ń dirun mélòó kan àti ìyàrí tó mọ irun yín kún ẹrù, torí owó irun dídì lókè òkun lè tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan.

Ṣùgbọ́n mú aṣọ ilẹ̀ wa kan dání, èyí tó dára. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọjọ́ àjọ̀dún á dé, ọjọ́ ìgboyè á dé, wọ́n á ní kí kálukú wọ aṣọ ìlú rẹ̀. Aṣọ òkè tàbí àdìrẹ tí ẹni tó mọ ara rẹ rán fún ọ, ẹ̀rọ ìránṣọ kan kò ní bá ọ ṣe irú rẹ̀ níbẹ̀.

Nǹkan oníná, kíá ni mo fẹ́ sọ ọ́. Iná Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti tiwa bára mu, ẹnu púlọ́ọ̀gì onírin mẹ́ta kan náà là ń lò. Ní Jámánì, agbára iná náà kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu púlọ́ọ̀gì yàtọ̀, wàá nílò àdápítọ̀. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, iná wọn jẹ́ 120 fóòtì, tiwa jẹ́ nǹkan bíi 230, nítorí náà áyọ́ọ̀nù àti bùlẹ́ńdà ilé kò wúlò níbẹ̀. Ṣájà láàpútọ́ọ̀pù àti ti fóònù sábà máa ń gba méjèèjì. Wo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Páwà báǹkì kò gbọdọ̀ wọnú àpótí ńlá, àpò ọwọ́ ni ààyè rẹ̀.

Má pa síìmù Nàìjíríà rẹ tì. Báǹkì rẹ á máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí i, bí o kò bá sì lè gbà á, owó rẹ tó wà nílé ti di ohun tó ò ń wò lójú lásán. Kó o tó lọ, béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ìlà náà bó ṣe lè máa ṣiṣẹ́ lókè òkun, kó o sì máa fi owó díẹ̀ sí i. Mú owó ilẹ̀ tó ò ń lọ díẹ̀ dání fún ọkọ̀ àti oúnjẹ títí wàá fi ṣí àkáǹtì. Ẹni tí owó tó wà lára rẹ̀ bá tó 10,000 pọ́n-ùn ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún wọn ní ibodè. Amẹ́ríkà àti Kánádà náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú 10,000 owó tiwọn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó nira láti sọ fún àgbà. Gbàrà tí àdúgbò bá gbọ́ pé o ń lọ, ẹrù àfiránṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ìyá kan á gbé páálí tí wọ́n ti fi téèpù dì yíká wá, "Bá mi fún bùrọ̀dá rẹ ní Birmingham." Ìfẹ́ ni, mi ò sì ní kó o já ìyá náà kulẹ̀. Kúnlẹ̀, tàbí kó o dọ̀bálẹ̀, kó o ní, "Ẹ ṣé mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ tú u wò, nítorí wọ́n máa bi mí bóyá èmi ni mo di ẹrù mi fúnra mi." Kò sí ìyá rere tí inú rẹ̀ kò ní rọ̀ sí ìyẹn. Ẹni tí kò bá gbà kí ẹ tú u, ẹrù rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà yín. Àwọn ọmọ wà tó jẹ́ pé ohun tí ẹlòmíràn fi sínú páálí ló sọ ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ wọn di ẹjọ́ oògùn olóró. Bàbá, ìyá, ẹ bá ọmọ yín sọ ọ́, kó má jẹ́ pé òun nìkan ló ń dojú kọ àgbà.

Báàgì méjì oníkílò 23 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti Èkó, ṣùgbọ́n ti tíkẹ́ẹ̀tì rẹ gan-an ni kó o wò, nítorí ẹyọ kan ṣoṣo ni tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn fàyè gbà. Ra òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n ń fi kọ́ báàgì. Wọn ẹrù náà nílé, kó o sì dín kílò kan kù nínú ohun tí wọ́n fàyè gbà. Mo rí ìyá kan rí ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú káńtà, tí àpótí ọmọ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú gbogbo ayé. Ó ń yọ ìgò epo, ó ń yọ ọ̀rá gàrí, ó tún ń dá wọn padà, kò mọ èyí tó máa fi sílẹ̀. Ọmọ náà dúró tì í, ó ń wo aago ara ògiri, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìdágbére wọn bọ́ sínú rògbòdìyàn yẹn, kò sì sẹ́ni tó lè fún wọn ní òmíràn. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí ẹ parí ẹrù dídì ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Bí ẹ bá gba Iléṣà àti Ìbàdàn, bí ẹ bá gba Oǹdó àti Ọ̀rẹ̀, ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Èkó kò ṣeé fọkàn tán débi tí ẹ máa fi rìn ín lọ́jọ́ tí ọkọ̀ òfurufú máa gbéra. Ẹ sùn sí Èkó lálẹ́ àná rẹ̀, kí ẹ jẹun papọ̀, kí ẹ sọ̀rọ̀.

Ohun tó gbẹ̀yìn kò ní wọnú báàgì: ẹnì kan nílé tó máa dúró fún ọ. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń pè mí jẹ́ ọmọ FUTA, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú wa ní 1981, wọ́n sì rò pé àwọn ti bá ibẹ̀ parí ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, ilé-ẹ̀kọ́ tuntun á ní kí transcript, ìyẹn àkọsílẹ̀ máàkì rẹ, ti ọ̀dọ̀ yunifásítì rẹ wá tààrà, tàbí ilé-iṣẹ́ kan á fẹ́ ẹ̀rí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó máa gbé ẹsẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì, tó máa padà lọ lọ́jọ́ kejì. Yan ẹni náà báyìí, kó jẹ́ ẹni tí nǹkan kì í tètè sú. Kọ lẹ́tà àṣẹ fún un, fi ọwọ́ sí i, fún un ní ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù rẹ àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ ní yunifásítì, kó o sì mú un lọ fi ojú rẹ̀ han àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Bó o bá ṣì ní ọ̀sẹ̀ méjì kó o tó lọ, ọ̀la ni kí ẹ lọ.